Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀ Alhaji

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á máa wò ó pé kí ló kan àwa tí a máa ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti orúkọ pẹ̀lú ìsàlẹ̀ mọ́tò. Ẹ ní sùúrù fún wa. Inú ilé lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó mú apá ọmọ kan lọ.

Kùmásì la wà, ní Aboabo, nílé ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alhaji. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, lẹ́yìn ìrun alẹ́, Alhaji na fóònù wọn sí wa. Ọmọ wọn tó wà ní Jámánì ló fi fídíò kan ránṣẹ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ àtijọ́ kan sókè nínú fídíò náà. Ọkùnrin kan tó bo ojú, tó bo etí, di ọwọ́ ẹ̀rọ kan mú bí ẹni tó fẹ́ fín ọ̀dà, èéfín funfun sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí èéfín yẹn bá ti kàn, ìdọ̀tí ogójì ọdún ń bọ́ sílẹ̀, irin ń yọjú bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde nílé iṣẹ́. Kò sí omi, kò sí ọṣẹ, kò sí yanrìn nílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ kàwé," Alhaji ní, "ẹ bá mi wò ó. Ọmọ yìí ní yìnyín ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

A ní kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Yìnyín ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tó wà nínú fíríìsì màmá. Ni Alhaji bá dìde, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká ká lọ síbi tí ọkọ̀ àwọn wà.

Peugeot 504 ni. Bàbá Alhaji ló rà á. Láti Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà ti bá àwọn oníṣòwò wá sí Kùmásì, bí ọ̀pọ̀ èèyàn Ogbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí ṣe fọ́n ká gbogbo Gánà láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n kúrò. Ẹ bi àwọn àgbà yín tó ti Gánà dé, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti ọjà sílẹ̀. Bàbá Alhaji náà lọ. Àmọ́ ó padà wá ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ yìí ló sì wà padà: láti Èkó, ó gba Kútọnu, ó gba Lomé, ó gba Accra, títí ó fi wọ Aboabo. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó pọ̀, nílé iṣẹ́ Peugeot tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1975. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe irin lásán lọ́kàn Alhaji. Ọkọ̀ tí bàbá wọn fi padà síbi tí wọ́n ti lé e ni.

Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ fi 504 han aráyé ní Faransé, ó sì gba ẹ̀bùn ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù lọ́dún 1969. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kò ní ṣásí bíi ti lọ́rì. Lọ́rì ní irin gọ̀ǹgbọ̀ méjì lábẹ́ tí wọ́n gbé ara rẹ̀ lé. Ti 504 àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré yàtọ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n ká, tí wọ́n sì jó pọ̀ ni gbogbo ara rẹ̀, ara yẹn náà ló ń gbé ara rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín wà lórí rẹ̀ àti irin tó ká bí àpótí gígùn lábẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn ni egungun ọkọ̀. Tí wọ́n bá jẹrà, ẹ lè fi ọ̀dà pupa tó ń dán kun òkè rẹ̀ títí, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lọ́dún tó ṣáájú, Alhaji kó owó fún àwọn kan láti bá wọn tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe. A ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fi omi alágbára fọ abẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n fín ọ̀dà dúdú sí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n sì gbé e wálé lálẹ́. Ó ń dán bíi bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó. Alhaji ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ọmọ. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, táyà jò. Ọmọ ọmọ wọn, ọmọ ọdún 14, fi jáàkì síbi tó yẹ kó fi í sí gan-an lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì gbé ọkọ̀ sókè. Ó tú táyà tán, nọ́ọ̀tì kan wá yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Ó nawọ́ mú un, ó fa ọwọ́ yọ, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, jáàkì bá wọ inú irin lọ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè. Ọkọ̀ jókòó sílẹ̀. Fìlà ọmọ náà tó bọ́ sílẹ̀ nígbà tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló há sábẹ́ dírọ́ọ̀mù bíréèkì. Wọ́n ṣì fi í kọ́ sára ògiri gáréèjì títí dòní, ó ti rí pẹlẹbẹ bíi àmàlà gbígbẹ.

Ẹ fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ Kùmásì, òjò ibẹ̀ sì pọ̀. Láti ọdún gbọọrọ, táyà ti ń da ẹrẹ̀ pupa sínú gbogbo kọ̀rọ̀ abẹ́ ọkọ̀, ẹrẹ̀ yẹn sì ń fa omi mọ́ra bíi kànìnkànìn. Wọ́n fi omi kún omi, wọ́n fi ọ̀dà bò ó, omi ò rọ́nà jáde mọ́. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú òkùnkùn, tí ojú sì ń rí dídán lóde. Ọmọkùnrin yẹn ń pè é ní tsatsa, ọ̀rọ̀ Háúsá tó gbòde ní Zongo. Alhaji ní ó dógùn-ún. Màmá ní ó dípáàrà, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì náà lò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà, ohun kan náà ló sì ń jẹ ọkọ̀ wọn.

Ó yá, yìnyín tí Alhaji bi wá. Gáàsì carbon dioxide ni, èyí tí à ń mí síta, tó sì ń ho tí a bá ṣí mínírà. Tí wọ́n bá fún gáàsì yìí pọ̀, tí wọ́n sì mú un tutù dé gongo, yóò dì, yóò funfun bí ẹfun. Fíríísà ilé sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 18 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti yìnyín yìí jẹ́ 78.5 sísàlẹ̀ òdo. Wọ́n ń pè é ní yìnyín gbígbẹ nítorí pé kì í yọ́ di omi. Yìnyín inú fíríìsì á yọ́, á rin tábìlì. Èyí á kàn fò lọ di gáàsì, orí tábìlì á gbẹ táútáú. (Ẹ jẹ́ ká tọrọ àyè díẹ̀ nítorí iṣẹ́ wa: ohun tó ń bá òjò bọ́ láti òkè la kọ́kọ́ ń pè ní yìnyín. Fíríìsì dé, a fi pe omi tó dì. Ó tún wá di orúkọ ohun tí kò ní omi kankan nínú. Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà.)

Ará Faransé kan, Thilorier, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1835. Ó tó àárín àwọn ọdún 1920 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́jà ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi í tọ́jú áásìkiriìmù àti ẹja lójú ọ̀nà. Fífi í fọ nǹkan dé lẹ́yìn náà; àwọn ọdún 1980 ni ẹ̀rọ rẹ̀ bọ́ sọ́jà dáadáa, àwọn ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń lò ó. Nísinsìnyí, àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti gbà á bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wọ́n á gé yìnyín náà wẹ́wẹ́ bíi hóró ìrẹsì, tó fẹ̀ tó mìlímítà 3. Atẹ́gùn alágbára láti inú kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ á máa tì í jáde, á sì máa ba ìdọ̀tí. Ìbà yẹn jẹ́ ọ̀kan, àmọ́ òun kọ́ ni baba iṣẹ́. Òtútù ni. Ẹ rántí ẹ̀kọ: tó bá ṣì gbóná, á lẹ̀ mọ́ ewé, tó bá tutù tán, ẹ kàn ṣí ewé ni, ẹ̀kọ á yọ odindi. Bí gíríìsì àtijọ́ àti ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á sún kì, wọ́n á le, wọ́n á sán, wọn ò ní lè di irin mú mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni hóró yìnyín tó ti wọ abẹ́ wọn á di gáàsì. Gáàsì yẹn ń fẹ́ àyè tó tó nǹkan bí ìlọ́po 800 ti hóró náà, yóò sì ta ìdọ̀tí dànù láti ìsàlẹ̀ wá. Ohun tó kù nílẹ̀ ni ìdọ̀tí tó bọ́, ẹ ó gbá a. Irin ò ní họ, wáyà ò ní rin, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi kọ́kọ́ sàmì sí irin á ṣì hàn ketekete.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe fídíò kì í fi gbogbo ẹnu sọ ni pé kì í kó ìpáàrà. Èyí tó ti ṣí fúnra rẹ̀ lè bọ́. Àmọ́ èyí tó ti wọ irin lára, ibẹ̀ ló máa wà. Ìyẹn ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì onírin, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin, tàbí yanrìn alágbára. Irin tó sì ti lu, yìnyín ò lè dí i. Kódà ihò á pọ̀ sí i lójú, nítorí gíríìsì tó bò ó ti lọ. Alhaji gbọ́ èyí, wọ́n mi orí. "Ìyẹn ni pé fótò ni, kì í ṣe oògùn." A ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọkùnrin wa béèrè pé ṣé àwọn ò lè wá díẹ̀ rà, kí àwọn fi gbìyànjú nínú kòtò mẹkáníìkì. A fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, bí ẹ ò tiẹ̀ ní ọkọ̀, torí wọ́n ń fi yìnyín yìí ṣe èéfín níbi ìnáwó náà. Gáàsì carbon dioxide wúwo ju atẹ́gùn lọ tó ìlọ́po kan ààbọ̀. Kì í gòkè, ìsàlẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí omi. Nínú kòtò, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, nínú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ wà lókè, á kóra jọ, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Tó bá ti tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn ibẹ̀, èèyàn lè dákú kó tó ráyè pe ẹnikẹ́ni. Ní ìparí oṣù Èrèlé ọdún 2020, níbi ọjọ́ ìbí kan ní Moscow, wọ́n da yìnyín gbígbẹ sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà nínú ilé nítorí kó lè máa rú èéfín. Èèyàn mẹ́ta kú. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, á jó yín bí iná. Ẹ má dé e pa sínú ìgò tàbí kúlà tí ìdérí rẹ̀ dì pinpin, á bẹ́. Tí ẹ bá ní láti fi ọkọ̀ gbé e, ẹ ṣí gíláàsì sílẹ̀, ẹ má sì kó ọmọdé sínú rẹ̀. Àwọn tó ń fi í fọ ọkọ̀ níṣẹ́ máa ń ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n máa ń bo etí nítorí ariwo, wọ́n sì ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tí gáàsì bá ti pọ̀ jù.

Owó rẹ̀ náà ò kéré. Ẹ̀rọ ńlá lè jẹ ju kìlógíráàmù 30 yìnyín lọ ní wákàtí kan, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tí àwọn fọkanáísà ń lò ò sì lè gbé e. Yìnyín náà kì í dúró de èèyàn: bó ti wù kí kúlà dára tó, ojoojúmọ́ ló ń fò lọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó wà ní Jámánì ní òun á san án, ká sáà wá ẹni tó máa ṣe é. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mọ́ wa nínú pé kí á rí i lójú ara wa. Àmọ́ a sọ fún Alhaji pé ohun tí yìnyín máa ṣe fún ọkọ̀ yìí, ọwọ́ èèyàn lè ṣe ìdá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Á kàn pẹ́ ni.

Kùmásì kúkú ni a wà. Ibi tí Suame Magazine wà, ta ni ń wá fítà tì? (Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Gánà.) Ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà pa mọ́ sí láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè ní magazine, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe kóra jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ náà sì tẹ̀ lé wọn dé Suame. Lọ́dún 2013, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ àti àwọn ará Netherlands méjì to odindi ọkọ̀ kan jọ láti inú àlòkù irin, wọ́n sọ ọ́ ní Turtle 1. Fítà àgbà kan láti ibẹ̀ gbà láti wá sí Aboabo fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ wo fìlà tó wà lára ògiri, ó béèrè ìtàn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní òun ò ní rí jáàkì lábẹ́ ọkọ̀ yìí mọ́. Ó gbé e lé orí ìdúró onírin mẹ́rin, ó tún to igi pàǹtì-pàǹtì sábẹ́ rẹ̀, ó fi gbogbo agbára tì í wò kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ rẹ̀.

Kẹrosíìnì ló fi rẹ gíríìsì. Kì í ṣe bẹntiróòlù, ó sì bínú nígbà tí aládùúgbò kan ní bẹntiróòlù yá jù. Pàrá kan ṣoṣo láti ara irin, gbogbo agbo ilé ti gbiná. Ó fi ọ̀rá we rọ́bà bíréèkì kí kẹrosíìnì má bàa kàn án, torí á sọ ọ́ di rírọ̀. Ó da páálí àti iyẹ̀pẹ̀ igi sílẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa ṣàn gba gọ́tà lọ sínú odò Aboabo, tó ti ní wàhálà tirẹ̀ tó. Ọ̀dà dúdú ló wá kù. Lọ́sàn-án, oòrùn mú kó rọ̀, kò sì ṣeé họ, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ewédú. Fítà ní ká fi sílẹ̀ di ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí òtútù ṣì wà lára irin, ọ̀dà náà ń ṣí ní bébà-bébà. Ẹ rí i pé ọgbọ́n fídíò Jámánì ló ń lò, láìrí fídíò náà rí.

Ọmọkùnrin wa gba ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó omi inú ọ̀rá tó ti dì láti inú fíríísà màmá, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó bá lágídí. Ó ṣiṣẹ́ níbi kéékèèké. Ló bá rántí ohun tí wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé, pé iyọ̀ máa ń mú kí yìnyín tutù sí i, ó sì sáré gbé abọ́ iyọ̀ wá láti ilé ìdáná. Fítà pariwo débi pé Alhaji jáde. "Iyọ̀! Lábẹ́ ọkọ̀! Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Ẹ̀yin tó ń ra tọ́kùnbọ̀, iyọ̀ yẹn kàn yín. Ní àwọn ìlú òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí omi má bàa dì, táyà á sì máa fọ́n ọn sábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dé Tema tàbí Èkó tó ń dán lókè ti gbé ìpáàrà wọkọ̀ ojú omi wá. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sókè, ẹ fọwọ́ bà á bóyá ó tutù. Ẹ fi ìdí sukúdíráfà kan abẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́: irin tó dára á dún gbà-gbà, èyí tó ti jẹrà á dún bíi páálí. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àlòkù, tiwa ni pé ká bi ẹni tó ń tà á ní ìdí tó fi kùn ún.

Ọjọ́ kẹta, abẹ́ ọkọ̀ Alhaji hàn. Ọmọkùnrin wa fi ẹfun yí gbogbo ibi tó lu, ó sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ihò 11 ló kà. Àpótí irin abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì ti lọ. Páìpù bíréèkì kan ti fẹ́lẹ́ débi pé fítà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ibi tí wọ́n so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ le koko, àwọ̀ ilé iṣẹ́ Kàdúná ṣì wà lára rẹ̀, Alhaji sì fi ìka ra á bí ẹni ń ra orí ọmọ. Àmọ́ ihò kan wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ọ̀gangan ibẹ̀ gan-an ni sàlẹ́ńsà ti sán.

Màmá tó ti ń wòye láti ẹnu ọ̀nà sún mọ́ wa. Wọ́n ní ṣé a rántí pé gbogbo ìgbà tí àwọn bá jókòó sẹ́yìn lọ sí Tamale ni orí máa ń fọ́ àwọn, tí wọ́n sì máa ń sọ pé ọjọ́ ogbó ni? Kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ihò yẹn ló fà á. Àmọ́ èéfín ẹ́ńjìnnì tó bá gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé ní carbon monoxide nínú, òun náà ò ní òórùn, orí fífọ́ àti òòyì ló sì fi ń kọ́kọ́ kí èèyàn kó tó pa á. Àwọn ọmọdé ló sábà máa ń sùn lẹ́yìn. Alhaji ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Wẹ́dà tí fítà mú wá ní òun lè lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ àwọn ihò náà, kí òun fi ọ̀dà bò ó, á parí lọ́jọ́ méjì. Fítà ò dá a lóhùn, fìlà ara ògiri ló nawọ́ sí. Wọ́n wá jọ dúnàádúrà lórí gígé gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò, dé ibi tí irin ti mọ́, kí wọ́n sì jó irin tuntun sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀dà tó ń lé ìpáàrà, kó gbẹ, lẹ́yìn náà ọ̀dà dúdú, pẹ̀lú ihò kéékèèké nísàlẹ̀ àpótí irin náà tí omi á máa gbà jáde. Ìyẹn á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù, à ń fi ọṣẹ dúdú fọ ọ̀dà kúrò léèékánná. Alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ náà ní Gánà. Samina ni ọṣẹ lédè Twi, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa tí a ti ọ̀nà Nàìjíríà wá. Wọ́n lé àwọn èèyàn wa lọ lọ́dún 1969, orúkọ wa ṣẹ́ kù sára ọṣẹ wọn. Alhaji rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ ọ́. Wọ́n ń bá Jámánì sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́: owó yìnyín, kó sọ ọ́ di owó irin àti páìpù bíréèkì. Ọmọ náà ní ó dáa, àmọ́ ṣé wọ́n lè fi fídíò abẹ́ ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí òun kí òun fi han àwọn ọ̀rẹ́ òun? Alhaji ní kò tíì ṣeé wò. Ọmọkùnrin wa sì ti wà lábẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ó ń ya ihò kọ̀ọ̀kan láti orí 1 dé 11, fítà jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí igi tó gbé ọkọ̀ náà dúró.